Gíláàsì Carnival Àtijọ́: Northwood, Fenton, Millersburg, Dugan àbí Imperial, Èwo Lẹ Máa Rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba, tí ẹ sì máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé abọ́ kan wò rí tí àwọ̀ ara rẹ̀ ń yí padà bí ẹ ṣe ń yí i lọ́wọ́. Ó pọ́n níbì kan, ó di àwọ̀ aró níbòmíì, ó tún ń dán bíi wúrà àti ewé lẹ́ẹ̀kan náà, bí epo bẹntiróòlù tó dà sójú omi òjò. Gíláàsì carnival ni wọ́n ń pè é. Wọ́n lè lẹ dọ́là 8 mọ́ ọn lára, kí òmíràn tó jọ ọ́ sì lọ ní dọ́là 1,000 ní gbàǹjo. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yọ owó.

Ilé iṣẹ́ Fenton, ní Williamstown, ìpínlẹ̀ West Virginia, ló kọ́kọ́ gbé irú gíláàsì yìí jáde ní ìparí ọdún 1907. Wọ́n á da gíláàsì yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù irin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ọnà inú mọ́ọ̀dù lè jáde lára rẹ̀, òṣìṣẹ́ á fọwọ́ ṣẹ́ etí rẹ̀ po tàbí kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á fọ́n omi iyọ̀ irin tàbí ti tánńganran sí i lára. Iyọ̀ yẹn ló ń fi awọ tín-ín-rín sílẹ̀ lójú gíláàsì, awọ náà ló sì ń ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè. Gíláàsì olówó ńlá tí Tiffany àti Steuben ń ṣe ni wọ́n ń wò kọ́, kí ìyàwó àgbẹ̀ náà lè ní tirẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí ọjà rẹ̀ kú, wọ́n ń fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá borí nínú eré ní ibi àríyá ìta gbangba. Ibẹ̀ ni orúkọ carnival ti wá, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì náà kí orúkọ yìí tó mọ́ ọn lára.

Ohun kan tó ń da orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rú ni pé mọ̀lẹ́bí ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ gíláàsì márùn-ún tí mo dárúkọ sókè yẹn. Frank Fenton àti John Fenton jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. John kúrò lọ́dọ̀ Frank, ó lọ dá Millersburg sílẹ̀ ní Ohio. Ìbátan ni Harry Northwood àti Thomas Dugan, inú ilé iṣẹ́ tí Northwood fi sílẹ̀ ní ìlú Indiana, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni Dugan sì ti ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Northwood ṣe ọnà tí wọ́n ń pè ní Grape and Cable, ìyẹn èso àjàrà àti okùn, Fenton náà ṣe é. Peacock and Urn, ìyẹn ẹyẹ ọ̀kín tó dúró ti ìkòkò, Fenton, Northwood àti Millersburg ló ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá rí èso àjàrà lára abọ́ tó sì pariwo pé Northwood ni, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àwọ̀ ìsàlẹ̀ ni mo fi ṣáájú. Kì í ṣe àwọ̀ tó ń tàn lókè o, àwọ̀ gíláàsì fúnra rẹ̀ ni. Ẹ dojú abọ́ náà délẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀. Bí gíláàsì náà bá mọ́ kedere tí kò ní àwọ̀, tó jẹ́ pé iyọ̀ tí wọ́n fọ́n sí i ló sọ ọ́ di àwọ̀ ọsàn, marigold nìyẹn. Òun ló pọ̀ jù lọ, òun ló sì sábà máa ń rọjú jù. Elésè àlùkò, àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn la tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fa owó jáde lápò: funfun, búlúù àti ewé tó rọ̀ bíi yìnyín, pupa, àti àwọn tí etí wọn funfun bí wàrà, tí wọ́n ń pè ní opal. Ọnà kan náà, mọ́ọ̀dù kan náà, iye rẹ̀ lè fi ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ nítorí àwọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan.

Dídán rẹ̀ ló kàn. Ọwọ́ ni wọ́n fi fọ́n iyọ̀ náà, nítorí náà abọ́ méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà kì í dán bákan náà. Ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé. Bí àwọ̀ òṣùmàrè bá kún inú rẹ̀ láti àárín dé etí, ó yẹ kí ẹ san owó lé e. Bó bá rí ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ti bó níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọnà àti ìrísí. Àwo pẹrẹsẹ sábà máa ń wọ́n ju abọ́ tó jinlẹ̀ lọ, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ lára ohun tó bá jáde nínú mọ́ọ̀dù. Ẹ má gbàgbé láti yí abọ́ padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní ọnà ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń lò léraléra, èyí sì máa ń tú àṣírí ẹni tó ṣe é ju ọnà iwájú lọ.

Ti pé ó kán tàbí kò kán, ẹ fi ìka yí etí rẹ̀ ká pẹ̀lú ojú dídì. Ìka máa ń rí ohun tí ojú kò rí. Ibi tó bá tẹ́jú tó sì mú gan-an níbi tó yẹ kó ká, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lọ etí tó kán kúrò níbẹ̀. Èyí tó sán, bó ti wù kó rẹwà tó, ìdajì iye rẹ̀ ti lọ, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀.

Àmì ilé iṣẹ́ ni mo fi kẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì Northwood lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gíláàsì ti pẹ́. Àmì Fenton àti ti Imperial ń sọ òdìkejì rẹ̀. Ẹ ó rí i níwájú.

Northwood

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Harry Northwood, láti agbègbè Stourbridge. Bàbá rẹ̀, John Northwood, jẹ́ ọ̀gá nínú gbígbẹ́ gíláàsì. Ní Wheeling, West Virginia, ni Harry ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gíláàsì carnival ní 1908. Ó kú ní 1919, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé ní 1925. Lójú tèmi, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró déédéé tó tirẹ̀: mọ́ọ̀dù rẹ̀ jinlẹ̀, ọnà rẹ̀ hàn gbangba, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.

Grape and Cable ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Èso àjàrà àti okùn ni, ìrísí tí wọ́n ṣe é sí kò lóǹkà: abọ́, àwo, jọ́ọ̀gì, ife, ìkòkò tábà, títí dé ohun tí àwọn obìnrin ayé ìgbà náà ń ki pínnì fìlà sí. Ohun tó dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ni, nítorí pé ẹ ó rí i tó láti fi wéra. Abọ́ rẹ̀ tó jẹ́ marigold kò gùn lówó. Ṣùgbọ́n tó bá kan ohun ìki-pínnì tàbí ìkòkò tábà tó ní ọmọrí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà.

Good Luck ni ọkàn mi fà sí jù. Bàtà ẹṣin, pàṣán ẹlẹ́ṣin, òdòdó, àti ọ̀rọ̀ GOOD LUCK tí wọ́n kọ sáàárín. Ẹ yí i padà: ẹ̀yìn rẹ̀ àtijọ́ máa ń jẹ́ ìlà tó tò gbọọrọ tàbí ọnà tó rí bí agbọ̀n tí wọ́n hun. Peacocks, ẹyẹ ọ̀kín méjì lórí ọgbà, náà ní ẹ̀yìn kan náà. Àwọn méjèèjì yìí yá láti tà, torí pé àwọn tó ń kó gíláàsì jọ kì í yé wá wọn. Elésè àlùkò tó dán dáadáa máa ń wọ ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan. Àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní aqua opal, búlúù tó dà bí ewé tí etí rẹ̀ funfun bí wàrà, ni Northwood fi gbayì jù lọ, ó sì lè kọjá dọ́là 1,000 láìjanpata. Ní 1912 ni ó mú àwọn àwọ̀ yìnyín àti funfun jáde, àwọn náà ṣọ̀wọ́n.

Àmì rẹ̀ ni lẹ́tà N tí wọ́n fàlà sí nídìí, nínú òbìrí. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló ní in, nítorí náà ẹ má kọ abọ́ tó dára nítorí pé kò sí N. Ẹ̀wẹ̀, ẹ fi awò wò ó dáadáa tó bá wà: L.G. Wright, ilé iṣẹ́ kan tó máa ń ta gíláàsì tuntun nígbà kan, lo àmì kan nínú òbìrí tó jọ N yìí gan-an, àmọ́ ìlà kan lé lára rẹ̀, W ni. Owó púpọ̀ ti bá ìlà kan ṣoṣo yẹn lọ.

Fenton

Fenton ló pẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí, ó sì pọ̀ lọ́jà jù. Àwọ̀ aró rẹ̀ dùn ún wò. Orange Tree, igi ọsàn, wà lára abọ́, àwo, ife tó ní ọwọ́ ìdìmú, jọ́ọ̀gì àti ìkòkò àtíkè. Ẹ̀yìn àwo rẹ̀ máa ń ní èso kéékèèké onírùngbọ̀n, tí wọ́n ń pè ní Bearded Berry. Ibi tí ẹ bá ti rí èso onírùngbọ̀n yẹn, Fenton ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Butterfly and Berry, labalábá àti èso, pọ̀ gan-an, owó rẹ̀ kò ga, ó sì lẹ́wà lórí tábìlì oúnjẹ.

Dragon and Lotus ló yẹ kí a dúró lé lórí. Abọ́ àti àwo nìkan ni wọ́n ṣe é sí: dírágónì yí òdòdó òṣíbàtà ká. Marigold rẹ̀ àti aró rẹ̀ kò le rí, bí ẹ bá sì ní sùúrù ẹ ó rí ọ̀kan láìdé dọ́là 100. Ti pupa ni ọ̀rọ̀ wà. Ní àwọn ọdún 1920 ni Fenton ń ṣe pupa, àwọ̀ yìí sì ṣòroó mú jáde, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún gíláàsì náà mú gbóná kó tó pọ́n. Bí iná kò bá tó, àárín rẹ̀ á wà ní yẹ́lò. Ìdí nìyí tí tọ́ọ̀ṣì fi ṣe pàtàkì: bí ìdí rẹ̀ bá yẹ́lò tí etí rẹ̀ nìkan pọ́n, amberina ni wọ́n ń pè é, iye rẹ̀ kò tó ti èyí tó pọ́n látòkè délẹ̀. Èyí tó pọ́n tán máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, ó sì lè lé ní 1,000.

Fenton àtijọ́ kò ní àmì rárá. Ní 1970 ni wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gíláàsì carnival, wọ́n sì ń tẹ orúkọ Fenton sínú àmì tó gùn bí ẹyin. Nǹkan bí ọdún 1980 ni wọ́n fi 8 kún un, ó di 9 ní ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 0. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta èyí tí wọ́n kọ Fenton sí lára tí ó sì ń béèrè owó àtijọ́, ẹ bá a ṣọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ fi àmì náà hàn án. Tuntun Fenton náà dára o, iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n iye tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2011.

Millersburg

Ọdún díẹ̀ péré ni. John Fenton ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní 1909, gbèsè sì dé ọrùn rẹ̀ ní 1911. Ọlọ́jà tuntun tó gbà á kò ju ọdún 1912 lọ. Nítorí pé kò pẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n ni dídán tí wọ́n ń pè ní radium: ó ń kọ mànà bíi dígí, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù rọ̀ bí ṣẹ́dà. Elésè àlùkò, àwọ̀ ewé àti marigold ni ó ṣe jù, aró rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Trout and Fly àti Big Fish, tó ní ẹja láàárín, dára fún ẹni tó fẹ́ ohun tí kò sí nílé ẹlòmíì. Abọ́ Courthouse ní àwòrán ilé ẹjọ́ Holmes County, ìlú Millersburg fúnra rẹ̀. People's Vase, ìkòkò òdòdó ńlá tó ní àwọn ènìyàn lára, kò kàn wá: ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ni àwọn olówó fi ń ra á.

Millersburg kò sí fún ẹni tó ń kánjú. Àwọn tó ń tà á mọ ohun tí wọ́n ní, ẹ kì í sábàá rí i ní dọ́là 8. Àmọ́ ó ń di iye rẹ̀ mú, ó ju ti marigold lásán tí iye rẹ̀ ti wálẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, bí àwọn àgbà tó kó o jọ ṣe ń fayé sílẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn ń gbé e wá sọ́jà.

Dugan

Dugan di Diamond ní 1913, iná jó ilé iṣẹ́ náà ní 1931. Bí ẹ bá rí peach opal, ìyẹn àwọ̀ ọsàn lókè tí ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ funfun bí wàrà, ọ̀rọ̀ Dugan ló sábà máa ń jẹ́. Ti àwo kékeré tó ní ọwọ́ ìdìmú méjì, tó ń jẹ́ Question Marks, kò ná wa ní ohun púpọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn jù láti ní opal nílé. Farmyard, tí adìẹ àti àkùkọ kún inú rẹ̀, wà ní ìkangun kejì: ẹgbẹ̀rún dọ́là ni, wọ́n sì ti ṣe àfarawé rẹ̀. Ẹ má ra á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Imperial

Bellaire, Ohio. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó rẹwà lówó pọ́ọ́kú, ibí ni. Elésè àlùkò Imperial máa ń tàn bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ. Imperial Grape, Lustre Rose, àti ìkòkò òdòdó Ripple tí wọ́n fà gùn ni ẹ ó máa rí. Àwọ̀ èéfín, tí wọ́n ń pè ní smoke, ọ̀dọ̀ wọn ló ti sábà ń wá. Ọ̀pọ̀ marigold rẹ̀ kì í tó dọ́là 50.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé láàárín ọdún 1960 sí 1979, wọ́n tún mú mọ́ọ̀dù àtijọ́ jáde, wọ́n sì tẹ gíláàsì tuntun. Mọ́ọ̀dù kan náà, ọnà kan náà. Ẹ wá lẹ́tà IG tó gorí ara wọn nísàlẹ̀, tàbí LIG. Bí ẹ bá rí i, tuntun ni.

Àwọn tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Àpótí ìpamọ́ àti ife aró tó ní èso àjàrà, Harvest tí Indiana Glass ṣe ní àwọn ọdún 1970, kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Dọ́là 10 sí 40 tó. Floragold ti Jeannette, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1950, náà ni wọ́n ń pè ní àtijọ́. Méjèèjì lẹ́wà, ẹ lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ láìbẹ̀rù, kí ẹ má sàá san owó Northwood lé wọn lórí.

Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ ó máa rí Sowerby, láti Gateshead, tí àmì rẹ̀ jẹ́ orí ẹyẹ ọ̀kín, àti marigold Amẹ́ríkà tí wọ́n kó wá nígbà náà. Ẹni tó bá rí kookaburra tàbí kangaroo lára abọ́, ó ti bá Crown Crystal ti Sydney pàdé nìyẹn, ilẹ̀ Australia sì ni owó rẹ̀ ti dára jù.

Bí ẹ ṣe lè mọ iye rẹ̀

Iye tí ẹni tó ń tà kọ sára rẹ̀ kì í ṣe iye rẹ̀. Lórí eBay, ẹ yan àwọn èyí tí wọ́n ti tà, kí ẹ wo ọnà, àwọ̀, ìrísí àti etí tó bá ti yín mu pátápátá. Bí àwọ̀ kò bá jọra, kò wúlò fún yín. Ẹ tún wo èsì gbàǹjo tó jẹ́ ti gíláàsì carnival nìkan, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń na owó níbẹ̀. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọwo. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ní dọ́là 50, tó fẹ́ kí nǹkan kan máa tàn nílé rẹ̀, kó ra Imperial tàbí Butterfly and Berry ti Fenton, kó sì wá IG kí ó tó sanwó.

Ẹni tó fẹ́ ra ohun tó ṣeé tà padà láìsí wàhálà, Good Luck tàbí Peacocks ti Northwood ní elésè àlùkò ni mo bá a mú. Ẹ ra ọ̀kan tó dára dípò mẹ́ta tó kán.

Ẹni tó ní sùúrù tó sì fẹ́ràn ohun tó ṣọ̀wọ́n, kó lọ bá Millersburg, kó kọ́kọ́ lọ síbi gbàǹjo kan kó fọwọ́ kàn án, kó mọ bí radium ṣe ń rí kó tó ra.

Ẹni tó fẹ́ fi dá ìyàwó ilé tuntun lọ́lá ní àwo ẹ̀bùn tí wọ́n á máa lò, Fenton tuntun tó ní àmì bí ẹyin dára púpọ̀. Ẹ sọ fún un pé tuntun ni, kí ó má bàa fi sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé ó lè fọ́.

Pupa àti aqua opal, ẹ fi sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni àfarawé ti máa ń dun ènìyàn jù, bí ẹ bá sì fẹ́ rà á lóòótọ́, ẹ béèrè fún ẹ̀tọ́ láti dá a padà, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lórí rìsíìtì.